Bátìrì, Gáàsì tàbí Adágún. Owó Iná tàbí Owó Ìmúrasílẹ̀: Ìfiwéra fún Ẹni Tó Fẹ́ Yàn

Kí ẹnikẹ́ni tó fi bátìrì wé ẹ̀rọ gáàsì, tàbí kó fi ọjà iná ilẹ̀ kan wé ti ilẹ̀ mìíràn, ó yẹ kó kọ́kọ́ wọn àlàfo tó fẹ́ dí. Oòrùn a máa wọ̀ lójoojúmọ́. Atẹ́gùn a máa dákẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan nígbà mìíràn. Ilé iṣẹ́ amúnáwá ńlá kan lè já kúrò lórí gíríìdì (àkójọpọ̀ wáyà tó ń pín iná káàkiri) kí ẹ tó ṣẹ́jú. Ọ̀tọ̀ ni àlàfo tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń dá sílẹ̀, kò sì sí ẹ̀rọ tó ń dí gbogbo wọn dáadáa. Púpọ̀ nínú àríyànjiyàn tí mo ń kà lórí ọ̀rọ̀ yìí, ẹnì kan ń sọ ti ìrọ̀lẹ́, ẹnìkejì ń sọ ti ọ̀sẹ̀ méjì òtútù, wọ́n wá gbé bátìrì sáàárín, wọ́n ń jà lé e lórí.

Apá méjì ni ìfiwéra yìí ní. Èkíní dá lórí ohun tí a lè rà tàbí kọ́, ìkejì dá lórí òfin ọjà tó máa jẹ́ kí ẹnì kan fẹ́ kọ́ ọ. Ibi tí mo bá ti ní ojúsàájú, mo máa sọ ọ́ kedere.

Ẹ kọ́kọ́ wọn àlàfo

Àlàfo tó kúrú jù ni ti ìṣẹ́jú-àáyá. Iná tí à ń pèsè àti èyí tí à ń lò gbọ́dọ̀ dọ́gba nígbà gbogbo. Bí wọn ò bá dọ́gba, fíríkúẹ́ńsì gíríìdì, ìyẹn iye ìgbà tí iná ń lọ tó ń bọ̀ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, á kúrò lórí Hertz 50 (Hertz 60 ni ti Amẹ́ríkà), àwọn ẹ̀rọ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í já ara wọn kúrò kí wọ́n má baà bàjẹ́. Àwọn ilé iṣẹ́ amúnáwá àtijọ́ ní irin ńlá tó ń yí bírí, ìwúwo irin yẹn ni kì í jẹ́ kí fíríkúẹ́ńsì ṣubú lójijì. Pánẹ́ẹ̀lì oòrùn kò ní irú irin bẹ́ẹ̀, torí náà bí oòrùn ṣe ń pọ̀ lórí gíríìdì ni ìṣubú ń yá sí i. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹjọ ọdún 2019, mànàmáná kọlu wáyà kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilé iṣẹ́ amúnáwá méjì já léra wọn lọ́wọ́, oníbàárà tó ju mílíọ̀nù kan lọ sì wà nínú òkùnkùn.

Ti wákàtí ló tẹ̀ lé e. Oòrùn ń wọ̀, àwọn ènìyàn ń wọlé, ẹ̀rọ amúlétutù ṣì ń ṣiṣẹ́. Ní California, ọjọ́ 14 àti ọjọ́ 15 oṣù Kẹjọ ọdún 2020, wọ́n ní láti já iná àwọn kan nírọ̀lẹ́ nígbà ooru líle. Ìwádìí tí wọ́n ṣe lẹ́yìn rẹ̀ fi hàn pé ètò tí wọ́n fi ń ṣírò iye ẹ̀rọ tó yẹ kí wọ́n ní kò tíì bá wákàtí ìrọ̀lẹ́ mu. Ìlò tó ga jù lọ́sàn-án kọ́ ló pa wọ́n lára, àfi èyí tó kù nígbà tí oòrùn ti lọ.

Ti ọjọ́ àti ọ̀sẹ̀ ló ṣòro jù. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá ọdún 2024, atẹ́gùn dákẹ́ ní Jámánì, ojú ọ̀run ṣú, òtútù mú. Iye owó wákàtí kan nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà fò dé nǹkan bíi yúrò 936 fún mẹ́gáwáàtì-wákàtí kan (mẹ́gáwáàtì ni òṣùwọ̀n agbára ẹ̀rọ, mẹ́gáwáàtì-wákàtí ni iná tí ẹ̀rọ mẹ́gáwáàtì kan ń pèsè ní wákàtí kan). Kò sí bátìrì wákàtí mẹ́rin tó lè gba ènìyàn nínú irú ipò bẹ́ẹ̀ bó bá di ọjọ́ kẹta.

Àlàfo kan tún wà tí àwọn ènìyàn máa ń gbàgbé, ìyẹn ti ibi. Iná lè pọ̀ rẹpẹtẹ níhà kan kí ó sì wọ́n níhà kejì, nítorí wáyà tó so wọ́n pọ̀ ti kún. Èyí gan-an ni òfin ọjà máa ń bàjẹ́ jù tàbí tún ṣe jù, a ó padà sí i.

Ohun tí a lè rà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn

| | Bó ṣe yá tó | Bó ṣe ń pẹ́ tó | Ohun tó ń dín iyì rẹ̀ kù |
|---|---|---|---|
| Bátìrì líthíọ́mù | Kò tó ìṣẹ́jú-àáyá kan | Wákàtí 1 sí 4 ló wọ́pọ̀ | Wákàtí tó bá lé, owó rẹ̀ náà á lé |
| Adágún òkè-òun-ìsàlẹ̀ (omi tí a ń fà sókè, tí a sì ń dà wálẹ̀ sórí ẹ̀rọ) | Ìṣẹ́jú-àáyá sí ìṣẹ́jú | Wákàtí 6 sí 10, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ | Ó ń fẹ́ òkè àti omi. Ọdún pípẹ́ ni kíkọ́ rẹ̀ |
| Ẹ̀rọ gáàsì tó ń tètè tan | Nǹkan bí ìṣẹ́jú 10 | Títí gáàsì á fi tán | Èéfín. Páìpù lè dì |
| Oníbàárà tó ń dín ìlò kù | Ìṣẹ́jú, bí kọ̀ǹpútà bá ń ṣe é | Wákàtí díẹ̀ | Ó máa ń sú ènìyàn |
| Wáyà lọ sí ilẹ̀ mìíràn | Lójú ẹsẹ̀ | Bí aládùúgbò bá ṣe ní tó | Aládùúgbò lè máà ní |

Bátìrì àti adágún

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti South Australia, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àṣìlóye ti bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ìpínlẹ̀ náà ló wọ òkùnkùn ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016 lẹ́yìn ìjì líle. Ní òpin ọdún 2017, wọ́n ṣí bátìrì Hornsdale, mẹ́gáwáàtì 100 pẹ̀lú mẹ́gáwáàtì-wákàtí 129. Àwọn kan yọ̀ pé ìpínlẹ̀ náà ti bọ́ lọ́wọ́ òkùnkùn, àwọn kan fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé wákàtí kan àti díẹ̀ péré ni yóò gbé. Ìṣirò àwọn ẹlẹ́yà tọ̀nà: ẹ fi 100 pín 129, ẹ ó rí i. Àmọ́ wọn ò mọ ohun tí wọ́n rà á fún. Fíríkúẹ́ńsì ni iṣẹ́ rẹ̀ gan-an, ó sì ń ṣe é ju ẹ̀rọ onírin lọ, ó tún ń ti ibẹ̀ pa owó. Ní 2020 wọ́n mú un gbòòrò sí mẹ́gáwáàtì 150.

Ewu tó wà níbẹ̀ nìyí, fún ẹni tó bá fẹ́ dókòwò: ọjà fíríkúẹ́ńsì kò jìn. Gíríìdì tó tóbi gan-an kò nílò ju ọgọ́rùn-ún mélòó kan tàbí ẹgbẹ̀rún mélòó kan mẹ́gáwáàtì fún iṣẹ́ yìí. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé á jẹ, ẹni tó bá dé ṣìkẹwàá á bá ìgbá lófìfo. Ìwé ìṣirò owó tó bá gbé gbogbo èrè bátìrì ka fíríkúẹ́ńsì fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹ má fọwọ́ sí i.

Ibi tí èrè tó dúró wà ni wákàtí ìrọ̀lẹ́: kó iná pamọ́ lọ́sàn-án nígbà tó pọ̀, tà á nígbà tí oòrùn bá wọ̀. California fi èyí ṣe àpẹẹrẹ. Òfin wọn sọ pé bátìrì gbọ́dọ̀ lè gbé agbára rẹ̀ fún wákàtí mẹ́rin kí wọ́n tó kà á ní odindi, torí náà bátìrì wákàtí mẹ́rin ni gbogbo ènìyàn ń kọ́ níbẹ̀. Nígbà tó fi di oṣù Kẹrin ọdún 2024, ohun tí wọ́n ní ti ju mẹ́gáwáàtì 10,000 lọ, ìrọ̀lẹ́ kan sì wà nínú oṣù yẹn tó jẹ́ pé bátìrì ló ń gbé iná jáde ju orísun èyíkéyìí mìíràn lọ. Ẹ wo bí ìlà kan nínú òfin ṣe pinnu irú ohun tí ilé iṣẹ́ ń kọ́.

Adágún òkè-òun-ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń fi omi ṣe: ẹ fa omi sókè nígbà tí iná pọ̀, ẹ dà á wálẹ̀ sórí ẹ̀rọ nígbà tí iná bá wọ́n. Bath County ní Virginia lè gbé mẹ́gáwáàtì 3,003 jáde fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́jọ. Dinorwig ní Wales, tí wọ́n ṣí ní 1984, wà nínú ikùn òkè. Bí àwọn ẹ̀rọ rẹ̀ bá ti ń yí sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, kò tó ìṣẹ́jú-àáyá 16 kó tó dé òkè agbára. Bátìrì ń dá nǹkan bíi 85 sí 90 nínú ọgọ́rùn-ún iná tí ẹ fi sínú rẹ̀ padà, adágún ń dá nǹkan bíi 75 sí 80. Ìyàtọ̀ yẹn kò tó nǹkan lójú mi. Ohun tó wúwo ni pé adágún ń lo àádọ́ta ọdún àti jù bẹ́ẹ̀, àwọn irin rẹ̀ ń yí, wọ́n sì ń ran fíríkúẹ́ńsì lọ́wọ́, wákàtí mẹ́jọ rẹ̀ kò sì ń di wákàtí márùn-ún bí ọjọ́ bá ti ń gorí ọjọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní òkè kò lè ra òkè. Bí ẹ bá ní ibẹ̀, tí ẹ sì lè dúró de ọdún méje sí mẹ́wàá, mo máa fi adágún ṣáájú. Bí àlàfo yín bá máa ṣí sílẹ̀ lọ́dún méjì òní, bátìrì ni, kò sí àríyànjiyàn.

Gáàsì, oníbàárà, wáyà

Gáàsì ni kò dùn mọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn nínú. Èéfín rẹ̀ kò ṣe é fọwọ́ bò. Síbẹ̀, fún àlàfo ọ̀sẹ̀ méjì, ohun tí ilé iṣẹ́ púpọ̀ ní lọ́wọ́ lónìí nìyẹn, àfi ilẹ̀ tí omi ìdídò ńlá ti kún lọ́wọ́ rẹ̀. Haidirójìn ń gbìyànjú láti gba ipò yìí, àmọ́ bí ẹ bá fi iná ṣe é, tí ẹ tún fi í ṣe iná padà, ó ju ìdajì rẹ̀ lọ ni yóò ṣègbé lọ́nà. Ẹ̀rọ gáàsì tí yóò máa ṣiṣẹ́ fún ọgọ́rùn-ún wákàtí mélòó kan lọ́dún kì í ba ojú ọjọ́ jẹ́ tó bí ẹ̀rọ èédú tó ń jó lójoojúmọ́. Ẹ kàn má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà á fún yín gẹ́gẹ́ bí ohun tí kì í já ni kulẹ̀. Ìtàn Texas ń bọ̀ nísàlẹ̀.

Ní ti oníbàárà, àpẹẹrẹ méjì. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022, nígbà tí ìlò iná California ga dé ibi tí kò dé rí, ìjọba fi ìkìlọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù àwọn ènìyàn pé kí wọ́n dín iná kù. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, nǹkan bíi mẹ́gáwáàtì 2,000 kúrò lórí gíríìdì. Ẹ̀bẹ̀ lásán ni ìkìlọ̀ náà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ìgbà òtútù 2022 sí 2023, olùdarí gíríìdì sanwó fún ilé àti ilé iṣẹ́ tó bá sún ìlò síwájú tàbí sẹ́yìn ní wákàtí tí wọ́n bá kéde. Ó ju mílíọ̀nù kan àti àbọ̀ tó forúkọ sílẹ̀, wọ́n sì fi nǹkan bíi mẹ́gáwáàtì-wákàtí 3,300 pamọ́ ní gbogbo ìgbà òtútù náà.

Ẹ̀bẹ̀ dára lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹ bá bẹ ènìyàn ní ìrọ̀lẹ́ mẹ́wàá léra, kò ní gbọ́ ti ìkọkànlá. Ohun tí mo gbọ́kàn lé ni ìlò tí kọ̀ǹpútà lè sún láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀ ọ́n lára: ọkọ̀ oníbátìrì tó wà lórí wáyà láti ìrọ̀lẹ́ títí di òwúrọ̀, ẹ̀rọ agbómigbóná, yàrá ìtutù ńlá. Àmọ́ ó ní láti jẹ́ pé òfin gbà wọ́n láyè láti wọ ọjà. Ní Amẹ́ríkà, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ọjà iná, FERC, ní 2011 pàṣẹ pé kí wọ́n sanwó fún ẹni tó dín ìlò kù bí wọ́n ṣe ń sanwó fún ẹni tó pèsè iná. Ọ̀rọ̀ náà dé ilé ẹjọ́ tó ga jù, wọ́n sì dá àjọ náà láre ní oṣù Kìíní ọdún 2016. Ní 2018 ó ṣílẹ̀kùn fún bátìrì, ní 2020 fún àkójọpọ̀ àwọn ẹ̀rọ kéékèèké inú ilé.

Wáyà àárín ilẹ̀ sí ilẹ̀ dára jù níbi tí ojú ọjọ́ aládùúgbò kò bá bá tiyín mu, tàbí tí aládùúgbò bá ní ìdídò. NordLink, wáyà abẹ́ òkun tó gùn ju kìlómítà 600 lọ láàárín Norway àti Jámánì, ń gbé mẹ́gáwáàtì 1,400 láti 2021. Àmọ́ iye owó náà ń gba orí wáyà kọjá: nígbà tí atẹ́gùn Jámánì dákẹ́ ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, owó iná gúúsù Norway fò sókè, inú àwọn ará ibẹ̀ ò sì dùn rárá.

Owó iná nìkan, àbí owó ìmúrasílẹ̀?

A ti dé ibi tí mo fẹ́ dúró pẹ́ sí.

Ní ọjà tó ń san owó iná nìkan, ẹ̀rọ tí kò bá ṣiṣẹ́ kò gba nǹkan kan. Kí ló máa mú kí ẹnì kan kọ́ ẹ̀rọ tí yóò ṣiṣẹ́ fún wákàtí díẹ̀ lọ́dún? Ìrètí ni: pé iye owó á fò lọ sókè réré ní wákàtí wọ̀nyẹn, á sì san gbogbo gbèsè. Nítorí náà gbèdéke iye owó gbọ́dọ̀ ga. Texas àti New Zealand ló ń tọ ọ̀nà yìí. Ní 2014, Texas tún fi àfikún kan sí i tó ń mú iye owó gòkè díẹ̀díẹ̀ bí ẹ̀rọ tó wà nípamọ́ bá ṣe ń dín kù, kí owó má baà dúró títí ewu á fi dé ẹnu ọ̀nà.

Ní ọjà tó ń san owó ìmúrasílẹ̀, olùdarí á ṣe ìdíje iye owó ní ọdún mélòó kan ṣáájú, á sanwó fún ẹni tó ṣèlérí pé òun á wà níbẹ̀ nígbà tí a bá pè é. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ìdíje àkọ́kọ́ ní oṣù Kejìlá ọdún 2014 fún ìgbà òtútù 2018 sí 2019, ó sì parí sí pọ́ùn 19.40 fún kìlówáàtì kan lọ́dún. PJM, tó ń darí gíríìdì ìpínlẹ̀ 13 ní Amẹ́ríkà, ti ń ṣe é láti 2007.

Ní oṣù Kejì ọdún 2021, ìjì òtútù kọlu Texas. Iye owó gun gbèdéke, dọ́là 9,000 fún mẹ́gáwáàtì-wákàtí kan, ó sì dúró síbẹ̀ fún nǹkan bí ọjọ́ mẹ́rin. Owó ga, iná kò wá. Kànga gáàsì ti dì, páìpù ti dì, àwọn ẹ̀rọ atẹ́gùn kan dì, ilé iṣẹ́ èédú náà ní ìṣòro tirẹ̀. Iye òkú tí ìjọba ìpínlẹ̀ náà kà ju 200 lọ. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n rẹ gbèdéke náà sílẹ̀ sí 5,000.

Ọ̀pọ̀ ló sọ pé ká ní Texas ń san owó ìmúrasílẹ̀ ni, ìyà yẹn ì bá má jẹ wọ́n. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀ pátápátá. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2022, ìjì òtútù mìíràn dé ọ̀dọ̀ PJM, níbi tí wọ́n ti ń san owó ìmúrasílẹ̀ láti ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Nǹkan bíi mẹ́gáwáàtì 47,000 ló kùnà, gáàsì ló sì kó èyí tó pọ̀ jù. Wọn ò já iná ẹnikẹ́ni níbẹ̀, nítorí àlékún tí wọ́n ní pọ̀, àlékún yẹn sì ni owó ìmúrasílẹ̀ rà. Àmọ́ àwọn tó gba owó láti wà níbẹ̀ kò sí níbẹ̀. Nítorí náà, owó ìmúrasílẹ̀ ń ra iye ẹ̀rọ. Kì í ra ìdánilójú pé ẹ̀rọ náà á tan nínú yìnyín. Ìyẹn ń fẹ́ òfin tirẹ̀: ìbora páìpù, epo tí a tọ́jú síbi ẹ̀rọ, àyẹ̀wò kí ìgbà òtútù tó wọlé, àti ìtanràn tó ń dunni.

Ẹ tún wo bí owó náà ṣe ń fò. Nínú ìdíje PJM ti 2024, iye owó ìmúrasílẹ̀ fún mẹ́gáwáàtì kan lójúmọ́ kúrò ní dọ́là 28.92 ti ọdún tó ṣáájú, ó di 269.92. Àwọn tó rò pé owó ìmúrasílẹ̀ ń mú ìnáwó dúró sójú kan rí i pé fífò rẹ̀ kàn yí ibi padà ni.

Ìbéèrè tó sì le jù nínú owó ìmúrasílẹ̀ ni bí wọ́n ṣe ń ka bátìrì. Ẹ̀rọ gáàsì mẹ́gáwáàtì 100 àti bátìrì mẹ́gáwáàtì 100 tó ń gbé ìdajì wákàtí kì í ṣe ẹgbẹ́. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ́kọ́ kà wọ́n bí ẹgbẹ́: wọ́n ń sanwó fún nǹkan bíi 96 nínú ọgọ́rùn-ún agbára bátìrì ìdajì wákàtí. Ní òpin 2017, wọ́n rẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ sí ìsàlẹ̀ 22. Àwọn tó ti fi iye àkọ́kọ́ ṣírò èrè wọn rí nǹkan lójú wọn. Bí ẹ bá ń kọ òfin, ẹ fi ìṣirò yìí síbẹ̀ láti ọjọ́ kìíní. Bí ẹ bá ń dókòwò, ẹ bi wọ́n léèrè bí wọ́n ṣe máa tún un ṣírò, àti ìgbà wo.

Tèmi ni pé: níbi tí olóṣèlú bá lè fara da iye owó tó fò láìfọwọ́ kàn án, owó iná nìkan ló mọ́ jù, nítorí ó ń san ẹ̀san fún ẹni tó wà níbẹ̀ ní wákàtí náà gan-an. Ibẹ̀ kò pọ̀. Níbi tí ìjọba bá máa sáré rẹ iye owó sílẹ̀ nígbàkigbà tó bá ga, kí ẹ tètè gba owó ìmúrasílẹ̀, nítorí olùdókòwò ti mọ̀ pé ìrètí òun kò ní ṣẹ.

Iye owó kan, agbègbè, tàbí oríta

Bí iye owó bá jẹ́ ọ̀kan náà jákèjádò ilẹ̀ kan, ọjà ń ṣe bí ẹni pé wáyà kì í kún. Atẹ́gùn Jámánì pọ̀ ní àríwá, ilé iṣẹ́ ńlá pọ̀ ní gúúsù, iye owó kan ṣoṣo ni Jámánì àti Luxembourg ń lò. Ọjà á ta iná àríwá fún gúúsù. Wáyà á kún. Olùdarí á sanwó fún ẹ̀rọ àríwá kó dáwọ́ dúró, á tún sanwó fún ẹ̀rọ gúúsù kó tan. Àtúntò yìí ti ń ná Jámánì ju bílíọ̀nù 2 yúrò lọ lọ́dọọdún láti 2021. Austria wà nínú agbègbè yìí kan náà tẹ́lẹ̀, wọ́n yọ ọ́ kúrò ní oṣù Kẹwàá ọdún 2018.

Ohun tí àwọn ènìyàn kì í sọ tó nìyí: lábẹ́ iye owó kan, bátìrì tó wà níbi tí kò yẹ lè dá kún ìṣòro. Bátìrì àríwá á rí iye owó tó ga nírọ̀lẹ́, á tú iná rẹ̀ sílẹ̀ nígbà tí wáyà rẹ̀ ti kún fún atẹ́gùn. Kò ṣẹ̀ sí òfin kankan. Iye owó ló rán an.

Sweden pín ara rẹ̀ sí agbègbè mẹ́rin ní oṣù Kọkànlá ọdún 2011. Ítálì náà ní agbègbè tirẹ̀. New Zealand (1996), PJM (1998), California (2009) àti Texas (òpin 2010) lọ jìnnà ju bẹ́ẹ̀: oríta kọ̀ọ̀kan lórí gíríìdì, ìyẹn ibi tí wáyà ti ń pàdé, ní iye owó tirẹ̀. Oríta ló ń sọ òótọ́ jù, bátìrì sì ń mọ ibi tó yẹ kó dúró sí. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ẹni tó ń tà ní oríta kan fún oníbàárà ní oríta mìíràn nílò àdéhùn tó ń dáàbò bò ó lọ́wọ́ ìyàtọ̀ iye owó, àwọn oníṣòwò kékeré sì lè má lóye rẹ̀. Òṣèlú rẹ̀ kò tún rọrùn. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ọdún mẹ́ta ronú lórí pínpín ara rẹ̀ sí agbègbè, ní oṣù Keje ọdún 2025 wọ́n ní àwọn ò ṣe mọ́, wọ́n á fi iye owó kan ṣoṣo sílẹ̀, wọ́n á sì tún ètò ibi ìkọ́lé ṣe. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dá ọjà sílẹ̀ ni mo máa gbà níyànjú pé kó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú oríta, nígbà tí kò tíì sí ẹni tó ní nǹkan láti pàdánù. Ẹni tó ti wà nínú iye owó kan láti ogún ọdún, agbègbè díẹ̀ tí ààlà wọn bá ibi tí wáyà ti ń kún mu ti tó.

Ìṣẹ́jú mélòó?

Èyí yá. Ní Ọsirélíà, wọ́n ń pàṣẹ fún ẹ̀rọ ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún, àmọ́ tẹ́lẹ̀, ìpíndọ́gba ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni wọ́n fi ń sanwó. Bí iye owó bá fò ní ìṣẹ́jú márùn-ún àkọ́kọ́, ẹ̀rọ tó lọ́ra lè dé lẹ́yìn, kó sì tún bá wọn pín nínú rẹ̀. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá ọdún 2021, ìsanwó náà di ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹni tó yára ló sì ń gba owó ìyára. Ọjà ọ̀la Yúróòpù (níbi tí wọ́n ti ń ra iná ọjọ́ kejì sílẹ̀), tó ti ń lo wákàtí kan tẹ́lẹ̀, di ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá ọdún 2025. Nínú gbogbo àtúnṣe tó wà nínú ìwé yìí, èyí ló ń ná ni ní owó díẹ̀ jù fún àǹfààní tó ń mú wá. Mítà àti kọ̀ǹpútà nìkan ni. Mo máa ṣe é ṣáájú owó ìmúrasílẹ̀.

Àdéhùn fún oòrùn àti atẹ́gùn

Ní 2024, wákàtí 457 ni iye owó iná ní Jámánì fi wà nísàlẹ̀ òdo. Ara ohun tó fà á ni àdéhùn tó ń san iye kan fún gbogbo iná tí ènìyàn bá pèsè, ì báà wúlò, ì báà máà wúlò. Ẹni tó bá ní irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ kò ní ìdí láti dáwọ́ dúró. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tún tirẹ̀ ṣe: àwọn àdéhùn ìyàtọ̀ owó (tó ń san ìyàtọ̀ tó wà láàárín iye tí wọ́n fohùn sí àti iye owó ọjà) tí wọ́n fún ni láti ìdíje 2022 kì í san nǹkan kan ní wákàtí tí iye owó ọjà ọ̀la bá wà nísàlẹ̀ òdo. Ẹ fi ìlà kan yẹn sínú àdéhùn yín, ó kéré tán.

Bí mo ṣe máa yàn

Bí oòrùn bá ni púpọ̀ nínú iná yín, tí atẹ́gùn kò pọ̀: àlàfo yín jẹ́ ti ìrọ̀lẹ́. Bátìrì wákàtí mẹ́rin, ìsanwó ìṣẹ́jú kúkúrú, owó iná tó ń yàtọ̀ láti wákàtí dé wákàtí fún ọkọ̀ oníbátìrì. Ẹ má tètè lọ kọ́ gáàsì.

Bí atẹ́gùn bá ni púpọ̀ nínú rẹ̀, tí òtútù sì máa ń mú: wáyà lọ sí ilẹ̀ tó ní ìdídò, àti ẹ̀rọ gáàsì díẹ̀ tó ní epo nípamọ́, tí ẹ fi owó ìmúrasílẹ̀ mú dúró. Bátìrì á wúlò fún yín, àmọ́ kò ní gbà yín ní ọjọ́ kẹta.

Bí iná bá pọ̀ níhà kan tó sì wọ́n níhà kejì: iye owó agbègbè tàbí oríta kí ẹ tó ra bátìrì kan ṣoṣo, nítorí bátìrì tí ẹ bá rà ṣáájú á dúró síbi tí owó ilẹ̀ bá ti kéré jù.

Bí gíríìdì yín bá kéré tàbí tó dá dúró: fíríkúẹ́ńsì ni kó ṣáájú. Ẹ ra ìyára níwọ̀nba, ẹ sì ṣírò ìgbà tí ọjà yẹn á kún.

Ohun kan kù tí ọjà kì í sábà ní iye owó fún, ìyẹn fólítéèjì, agbára tó ń ti iná gba inú wáyà. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹrin ọdún 2025, Sípéènì àti Pọ́túgà wọ òkùnkùn lọ́sàn-án gangan. Iná kò wọ́n wọn. Fólítéèjì ló ga kọjá bó ṣe yẹ, tí àwọn ẹ̀rọ ń já kúrò léra wọn lọ́wọ́. Lábẹ́ òfin Sípéènì nígbà náà, àwọn ilé iṣẹ́ oòrùn àti atẹ́gùn kì í bá wọn mójú tó fólítéèjì bí ó ṣe ń yí padà. Ìwọ̀n kan tó dúró sójú kan ni wọ́n ń tẹ̀ lé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀rọ òde òní lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n yí òfin náà padà. Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá ń kọ ìwé ìdíje fún oòrùn, atẹ́gùn tàbí bátìrì, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹni tó bá wọlé gbọ́dọ̀ lè gbé fólítéèjì dúró, kí ẹ sì kọ iye tí ẹ máa san fún un. Ó rọrùn jù láti béèrè rẹ̀ kí wọ́n tó kọ́ ẹ̀rọ ju ìgbà tí wọ́n bá ti kọ́ ọ tán.